Ṣé Ọwọ́ Ni, àbí Ìbọn?

Leatha Caudill kì í gba irin gbọ́ títí yóò fi dán an wò. Iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èédú ni bàbá rẹ̀ ń wà lábẹ́ àwọn òkè tó yí Bent Fork ká, ní ìlà-oòrùn Kentucky. Nígbà tí òun náà pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin gígùn tí wọ́n fi ń di òrùlé ihò èédú mú, kó má baà ya lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Tirẹ̀ ni kó mú irin kan nínú ọgọ́rùn-ún, kó wọ̀n ọ́n, kó fi ẹ̀rọ fà á títí yóò fi já, kó sì kọ iye agbára tó já a sílẹ̀. Bí èyí tó mú kò bá dára, gbogbo ọgọ́rùn-ún ló ń padà sínú iná.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá iṣẹ́ ní kó jẹ́ kí àpótí kan kọjá, ó ní ọkọ̀ ti ń dúró, ó ní ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára irin náà kò tó nǹkan. Leatha kò bá a jiyàn. Ó lọ fìdí lé orí àpótí náà, ó ká apá mọ́ àyà. Ó ní, "Bàbá mi wà lábẹ́ irin yìí. Ẹ gbé èmi náà pẹ̀lú ẹ̀ sínú ọkọ̀." Ó jókòó bẹ́ẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí di ìgbà tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán, àpótí náà kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn ará Bent Fork ṣì ń sọ ìtàn yẹn títí dòní.

Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé báyìí. Ransom ọkọ Leatha ti kú, èédú ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Leatha ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, òun àti Dreama àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé tí òbí wọn fi sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Dreama, àwọn tí kò lè wá sí ọsibítù ló máa ń lọ bá nílé, á bá wọn wẹ egbò, á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, á tún ìrọ̀rí wọn ṣe. Àfonífojì ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀nà tó ń gbà, fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé sì jìnnà síra wọn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rí i. Bó bá rọra, ọkọ̀ náà á rọra. Bó bá yà sí àgbàlá aláìsàn, ọkọ̀ náà á dúró díẹ̀ lójú títì kó tó lọ. Ọlọ́pàá ní àwọn yóò fojú sí i. Dreama dúpẹ́, ó sì lọ gba ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn, lẹ́yìn náà ó ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù Arvil Noble, irú èyí tó fẹ́lẹ́ tó fi lè wà lábẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni má fura.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, ìyẹn kòtò ńlá tí àwọn tó ń wa èédú gbẹ́ tì lẹ́yìn òkè. Kò pẹ́ tó fi padà dé. Leatha wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹ̀wà, búrẹ́dì àgbàdo wà nínú iná. Dreama jókòó, kò bọ́ bàtà.

Ó ní, "Sísì, mo rò pé ọwọ́ mi ni o."

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Ìbọn yẹn ń há. Mo padà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Arvil, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe ìbọn, pé ọrùn ọwọ́ mi ló rọ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń rí bẹ́ẹ̀."

"Ọrùn ọwọ́ tó ń gbé Bàbá Estep kúrò lórí ibùsùn lójoojúmọ́? Bàbá yẹn sanra ju màlúù lọ."

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Leatha bo ìkòkò. "Ọta mélòó lo yìn kó tó há?"

"Méjì. Ó há lórí ìkẹta. Mo tú u, mo tún un ki, ó tún há."

"Lórí ìkẹta náà?"

"Mi ò kà á, Sísì. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n nígbà yẹn."

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Leatha ṣàkíyèsí pé Dreama ti ju ìbọn náà sínú dúrọ́ọ̀, àti pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń jáde nílé báyìí nítorí pé ọ̀nà tó yí òkè ká ló ń gbà, ọ̀nà tó fi wákàtí kan gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá gé àlùbọ́sà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Ohun tó ká Leatha lára jù nìyẹn. Wọ́n ti ta ìbọn fún àbúrò òun kí ẹ̀rù má baà bà á, ẹ̀rù náà sì ti di méjì.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó ní, "Yá mi ní ìbọn yìí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó wá ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, ó kọ ìbéèrè méjì sí ojú ewé àkọ́kọ́: Ṣé ó máa dún? Níbo ló máa bà? Ó kó abọ́ pépà láti ilé ìdáná, ó rọ yanrìn kún àpò ìyẹ̀fun kan, ó ra oríṣi ọta mẹ́ta, ó wa ọkọ̀ lọ sí kòtò. Ó lẹ abọ́ pépà mọ́ pákó ní ìgbésẹ̀ méje, nítorí pé ẹni tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà fún kì í jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ohun tó ń dín ariwo kù bo etí, ó wọ awò ojú, ó jókòó sídìí tábìlì, ó gbé ọwọ́ lé àpò yanrìn kó má baà sí pé ọwọ́ òun ló ń mì.

Ọ̀rọ̀ tí Arvil sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, Leatha mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí irú ìbọn yìí bá dún, irin orí rẹ̀ á fò sẹ́yìn, á ju èèpo ọta tó ti dún nù, á sì padà síwájú láti ti ọta mìíràn láti inú ilé ọta wọ ẹnu ihò. Bí ọwọ́ tó dì í mú bá gbà fún un jù, irin orí yẹn kò ní fò dé ibi tó yẹ kó dé, á sì há. Bí ìbọn bá ṣe kéré tó ni ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Nítorí náà, kò wá síbẹ̀ láti gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó wá láti kà.

Ọta méje ni ilé ọta náà ń gbà. Ó yìn ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yìn ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó há, kò fìbínú fa irin orí rẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe, ó yẹjú wo inú rẹ̀ kó tó tú u. Ọta náà dorí kodò, ó fi imú gún ògiri irin tó wà lábẹ́ ẹnu ihò. Ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ó pààrọ̀ irú ọta. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yìn ín, ó fi ọwọ́ òsì yìn ín. Níkẹyìn ó fi fáìsì Ransom, èyí tí wọ́n fi ń di irin mú, di ìbọn náà mọ́ tábìlì gbọn-in, ó fi aṣọ wé e kí ara rẹ̀ má baà họ, ó sì ń yìn ín láìfi ọrùn ọwọ́ kankan tì í lẹ́yìn. Ó há níbẹ̀ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Nígbà tó parí àádọ́jọ ọta, ó jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó ka ohun tó kọ. Ní ti ibi tó ń bà, ìbọn náà kò burú rárá. Ife tíì kan lè bo gbogbo ihò tó wà lára abọ́ pépà kọ̀ọ̀kan, ó kàn ń bà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni, ìyẹn sì ni ohun tí ojú èèyàn lè kọ́ láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n ó há ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Nínú mẹ́tàdínlógún yẹn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jẹ́ lórí ọta kẹta, méjì sì jẹ́ lórí ìkẹrin. Kò há lórí àkọ́kọ́ rí, kò há lórí ìkeje rí.

Ó tún un kà kó lè dá a lójú. Ọwọ́ tó bá rọ̀ kò mọ èwo ni ìkẹta.

Ó yọ irin ìwọ̀n rẹ̀ tó fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó wọn ètè ilé ọta náà, ibi tí ọta ń gbà jáde. Apá òsì fi ìwọ̀n irun orí méjì tẹ̀ wọlé ju apá ọ̀tún lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Arvil Noble kì í dá páro láàárọ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èédú máa ń mu kọfí nídìí ààrò ìgbóná ibẹ̀ yálà òtútù mú tàbí kò mú. Arvil fúnra rẹ̀ àti Leatha jọ lọ sí ilé ìwé kan náà ni, ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe olè.

Leatha ṣí ìwé lé orí gíláàsì tí wọ́n pa àwọn ìbọn mọ́ sí. Ó ní, "Arvil, mo ti ka iye ìgbà tí ìbọn Dreama há, wá wò ó."

Arvil fi ọwọ́ kan ìwé náà, kò kà á. "O ti ń dán ìbọn wò báyìí? Mo rò pé irin òrùlé ni tìẹ."

"Irin ni irin. Ilé ọta yẹn ti wọ́. Má ta a fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe."

"Àbúrò ẹ ló rán ẹ?"

"Àbúrò mi ò mọ̀ pé mo wà níbí."

"Leatha, gbọ́. Èmi fúnra mi yin irú ìbọn yìí ní ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ Harrow-Dunn kọ́kọ́ kó o wá. Ó dún bí aago."

"Ọta mélòó lo yìn?"

Arvil bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí ọta tó wà nítòsí rẹ̀. Hobert Sizemore, tó ga tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó ṣọ́bìrì, bú sẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò. Ó ní, "Arvil, dá obìnrin yìí lóhùn. Ọta mélòó?"

"Márùn-ún," ni Arvil wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Ṣé o máa ń ju ìyẹn lọ? Ìbọn Ransom tí o ń gbé kiri nínú báàgì ẹ láti ọdún mọ́kànlá, ìgbà wo lo yìn ín gbẹ̀yìn? Lọ dán tìẹ wò ná kó o tó wá kọ́ mi níṣẹ́ mi."

Leatha di báàgì rẹ̀ mú lábẹ́ apá. Òótọ́ ni. Ìbọn kékeré tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí ni, ọta márùn-ún ló ń gbà, Ransom ló fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Tí mi ò bá sí mọ́, èyí á wà." Láti ìgbà náà, Leatha máa ń nu ún, ṣùgbọ́n kò yìn ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Kò dán an wò bó ṣe ń dán irin wò, kò sì tíì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Ó ní, "Ó dáa. Sátidé ní kòtò. Ọta àádọ́ta fún tèmi, àádọ́ta fún tìẹ. Ìgbésẹ̀ méje kan náà, abọ́ kan náà. Ìwọ mú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le wá láti yin tìẹ."

"Hobert," ni Arvil wí.

Hobert na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó yí wọn po. "Ọrùn ọwọ́ mi ò rọ̀ o. Ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ bi."

Sátidé dé, èèyàn tó tó ogún ló wà ní kòtò. Dreama kò fẹ́ wá. Leatha sọ fún un pé òun nílò ẹni tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló mú un jáde. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n ń ká, ìwé lórí itan, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Hobert gbé ìbọn Dreama. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó yin ọta méje àkọ́kọ́, kò há, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Leatha. Ó tún un ki. Ọ̀kan, èjì, ó há.

Ó wo ìbọn, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tó fi ń há?"

"Ọrùn ọwọ́ ẹ ti rọ̀, Hobert," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. "Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín ya lu gbogbo wọn. Dreama gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Hobert náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹra mọ́ iṣẹ́, ó sì parí àádọ́ta ọta. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló há, márùn-ún nínú rẹ̀ lórí ìkẹta. Arvil gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí olùkọ́, ó yìn ín. Ó há lọ́wọ́ òun náà. Ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó mú páálí kan jáde tí wọn ò tíì ṣí rí, ó já a lójú gbogbo èèyàn, ó ki ìbọn tuntun náà. Ọ̀kan, èjì, ó há lórí ìkẹta. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì dúró síbẹ̀.

Leatha kò wò ó. Ó ti ń ṣí báàgì rẹ̀.

Ó ki ìbọn Ransom. Ó gbé ojú sí àárín abọ́ pépà. Ọta márùn-ún àkọ́kọ́ dún dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó wò ó, méjì péré ló ba abọ́. Ó rò pé òun ló kánjú. Ó gbé ọwọ́ lé àpò yanrìn, ó mí sínú, ó rọra fà á. Ọ̀kan bà lókè, ọ̀kan bà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan kò ba ibì kankan. Ní ìgbà kẹta tó ki í, ó fà á, ohun tó gbọ́ ni "kẹ́". Kò dún. Ó dì í mú bó ṣe wà, ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè iyẹ̀pẹ̀, ó ń ka ení èjì títí dé ọgbọ̀n bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn pé kó ṣe, bóyá yóò pẹ́ kó tó dún. Kò dún. Ó yọ ọta náà, ó wo ìdí rẹ̀. Irin tó ń lù ú kò fi nǹkan kan síbẹ̀ ju àmì kékeré bí ojú abẹ́rẹ́. Sípíríǹgì inú ìbọn náà ti rẹ̀.

Àwọn èèyàn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bá wọn sin Ransom.

"Sísì," ni Dreama wí ní ohùn ìsàlẹ̀, "ó ti tó. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá wò."

"Mélòó la ti yìn?"

"Mọ́kànlá, pẹ̀lú èyí tí kò dún."

"Ó ku mọ́kàndínlógójì."

Ó yìn ín tán. Èjìká ń dùn ún, ó sì ń rántí pé ọdún mọ́kànlá gbáko lòun fi ń dá gba àwọn ọ̀nà àfonífojì kọjá, tí òun sì ń fi ọkàn balẹ̀ nítorí nǹkan tó wà nínú báàgì yìí. Mẹ́ta ni kò dún. Mọ́kànlélógún péré ló ba abọ́. Nígbà tó parí, Dreama gbé bírò dúró lórí ìwé, kò kọ.

Leatha ní, "Kọ ọ́."

"Ìbọn Ransom ni, Sísì."

"Mo mọ ẹni tó ni ín. Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Dreama kọ ọ́. Leatha tú ìbọn náà, ó wé e sínú aṣọ, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó lè wa ọkọ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Arvil wá sí ilé wọn lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n bu ẹ̀wà fún un, ó jẹ ẹ́, ó tún fi búrẹ́dì àgbàdo nu abọ́. Lẹ́yìn náà ló tó yí sí Dreama.

Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí mo sọ sí ẹ níwájú àwọn èèyàn yẹn, mi ò ní ẹ̀rí ẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni. Má bínú."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Dreama wí. Kò sọ pé kò sí nǹkan.

Arvil yí sí Leatha. "Mọ́kàndínlógún ni mo ti tà nínú ẹ̀. Opó méjì wà níbẹ̀. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń lù ú, tó sá wá láti ìlú kejì, wà níbẹ̀. Láti Sátidé ni mi ò ti lè sùn dáadáa. Kí la máa ṣe?"

"O ní orúkọ wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

Leatha ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ fóònù títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, Arvil sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ló ń sọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má gbára lé ìbọn náà. Àwọn kan bú u. Ó gbọ́ ọ, kò bá wọn fà á. Obìnrin tó sá fún ọkọ rẹ̀ kò gbé fóònù, nítorí náà wọ́n wa ọkọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ kejì, Arvil sì fi ìbọn mìíràn lé e lọ́wọ́, èyí tí Leatha ti yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Leatha kọ lẹ́tà sí Harrow-Dunn, ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà, ó fi gbogbo iye tó kọ sílẹ̀ sínú rẹ̀. Èsì dé pé ìbọn tuntun a máa há díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé kí oníbàárà yin igba ọta ná kí inú rẹ̀ lè máa lọ geere. Leatha yin igba, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó há ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún, lórí ìkẹta bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ilé ọta méjì, ìwé rẹ̀, àti àwòrán ibi tó wọ́ sínú àpótí, ó tún fi ránṣẹ́. Wọ́n dákẹ́. Ó kọ òmíràn. Wọ́n tún dákẹ́. Ó wá ń kọ lẹ́tà kan ní gbogbo Mọ́ńdè, gbólóhùn kan náà ló sì máa ń parí gbogbo wọn: Mo ṣì ń dúró dè yín.

Lẹ́tà kẹfà ló mú kí fóònù dún. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Renata Kowalczyk ló wà lórí rẹ̀, ó ní òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ níbẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi wọn ètè ilé ọta yẹn?"

Leatha sọ fún un. Ó sọ fún un ibi tó ti wọ̀n ọ́n àti iye ìgbà tó wọ̀n ọ́n.

"Iye kan náà ni èmi náà rí láàárọ̀ yìí. Irin tá a fi ń tẹ ètè wọn ti gbó, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà ìkórè tó kọjá. Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"

"Òrùlé ihò èédú," ni Leatha wí. "Ìgbà wo lẹ máa fi tuntun ránṣẹ́?"

Wọ́n fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ogójì ilé ọta tuntun, pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gbogbo ẹni tó ra ìbọn náà. Dreama rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Leatha ní kò tíì tán, pé pépà ni ìyẹn. Wọ́n padà sí kòtò. Òun yin àádọ́jọ ọta, kò há. Lẹ́yìn náà ló dìde lórí àga, ó ti ìbọn náà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Àádọ́ta tó kù, tìẹ ni."

"Bó bá há lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"A máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó há."

Dreama dìde. Kò gbé ọwọ́ lé àpò yanrìn. Ó yin méjì, ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó fa ìkẹta. Ó dún. Ó ń yìn ín lọ, ó ń tún un ki, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, títí èèpo ọta fi kún ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò há rárá. Nígbà tí wọ́n lọ wo abọ́ pépà, ihò àádọ́ta wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì wọnú ara wọn tó fi dà bí ẹni pé eku ló jẹ abọ́ náà láàárín. Dreama wò ó títí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi lójú. Leatha fún un láàyè, ó ń ṣa èèpo ọta sínú garawa.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Dreama gba ọ̀nà àfonífojì lọ síbi iṣẹ́. Ó tún pàdé ọkọ̀ dúdú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹjọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró lójú ọ̀nà, ó kọ nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀ láìyára, ó fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tún rí i níbẹ̀. Kò yọ ìbọn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì yọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni di ìsinsìnyí.

Ìbọn Ransom wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láìsí ọta nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo ọwọ́ rẹ̀ àti fìlà tó fi ń wọ ihò. Alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní òun lè tún un ṣe, Leatha ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ló ń gbé báyìí, ó tóbi díẹ̀, ó rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ó ti dún ní ẹgbẹ̀ta ìgbà láìkọ̀.

Ní ti Arvil, kì í ta ìbọn kékeré kankan mọ́ tí Leatha kò bá tíì yin irú rẹ̀ ní igba ọta. Ìwé kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, orúkọ ìbọn kọ̀ọ̀kan, iye tó dún, iye tó há, abọ́ pépà rẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ láti ìlú mẹ́ta mìíràn wá kà á. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n gbé tuntun kan wá, èyí tí gbogbo èèyàn ń yìn, ó dára lójú, ó mọ́ ọwọ́. Ó dún títí dé ọta kẹtàlélọ́gọ́jọ, Arvil sì ti ń ṣí bírò láti kọ ọ́ sára ògiri, nígbà tó há.

Arvil ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo ni, Leatha. Nínú ọta tó lé ní ọgọ́jọ."

Leatha yẹjú wo inú rẹ̀, ó ya àwòrán ohun tó rí, ó tú u, ó nu ún. Ó lẹ abọ́ pépà tuntun mọ́ pákó, ó padà sídìí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí ení.